Ìlà Kẹrin Lára Ìbọn Bàbá Mi

Èmi, Jagoš ọmọ Mašan, ti ìdílé Drekalić, ará Gornji Do lókè Cetinje, ẹni tó ti ń tún ìbọn ṣe láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Àyà ń dùn mí, ẹsẹ̀ mi sì ti wú, ṣùgbọ́n orí mi pé. N kò mutí, ẹnikẹ́ni kò sì fipá mú mi. Mo fagi lé gbogbo ìhágún tí mo ti ṣe ṣáájú èyí. Àlùfáà Ilija ni mo yàn láti mú un ṣẹ, nítorí òun nìkan ni ọmọ mi Blažo ṣì ń bẹ̀rù nínú abúlé yìí.

Èkíní. Ilé òkúta tí mò ń gbé, pẹ̀lú kànga òjò tó wà lẹ́yìnkùlé, di ti Blažo, ọmọkùnrin mi kan ṣoṣo. Kó má ṣe ta kànga náà láéláé. Ìyá rẹ̀, Vidosava, ló ru òkúta rẹ̀ nígbà tí oyún Blažo wà nínú rẹ̀. Mo ní kó lọ sinmi, ó ní, "Ṣé ìwọ lo máa fún un lọ́mú ni? Gbé tìẹ, jẹ́ kí n gbé tèmi." Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn ju bí mo ti sọ fún un lọ, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Èkejì. Àwọn àgùntàn mi àti ìbaaka mi di ti Joka, ọmọbìnrin mi. Àwọn àgbà yóò ní obìnrin kì í jogún ẹran nílẹ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ìbaaka náà a máa buni jẹ, kí Joka kìlọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta. Àwọn irinṣẹ́ mi di ti Krcun, ọ̀rẹ́ mi alágbẹ̀dẹ ní Cetinje. Gbogbo ọjọ́ ayé wa ló fi ń sọ pé òun mọ iṣẹ́ jù mí lọ. Kó wá fi hàn wàyí. Bó bá wá ayùn pẹlẹbẹ tí mo fi ń rẹ́ irin, tí kò rí i, kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Mo ti dì í mọ́ ìbọn tí mò ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin. Ìbọn ìléwọ́ bàbá mi. Kí gbogbo ẹni tó bá ń gbọ́ fara balẹ̀ níbí.

Ìlú Fienna ni wọ́n ti ṣe é, òǹtẹ̀ wọn wà lára rẹ̀, èéku rẹ̀ sì jẹ́ egungun. Bàbá mi fa ìlà mẹ́ta sí irin rẹ̀, ìlà kan fún ọkùnrin kan tó pa lójú ogun. Bí wọ́n ti ń ṣe é nílé wa nìyẹn. A kì í fa ìlà fún ẹran.

Nígbà òtútù tó kọjá, ọkùnrin ará Trieste kan tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ sínú àpótí gíláàsì wá sílé wa. Blažo gbé ìbọn náà fún un, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Àlejò náà ní ìbọn bẹ́ẹ̀ pọ̀ níta, àwọn ìlà ara rẹ̀ ló sọ ọ́ di nǹkan, bí alátùn-únṣe ìbọn bá lè kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i pé ọwọ́ bàbá mi ni gbogbo wọn ti wá. Mo kọ̀. Blažo pariwo mọ́ mi níwájú àlejò: "Bàbá, ẹ̀rí ẹnu yín lásán ni mo ní kẹ́ ẹ yá mi! Kí ló wá ń dùn yín níbẹ̀?" Mò ń dá a lóhùn báyìí.

Ẹ gbọ́ ìdájọ́ mi. Àmì tí ẹni tó ni ìbọn bá fọwọ́ ara rẹ̀ fà sí i, ìbàjẹ́ ni lójú ẹni tó ń ra ìbọn àtijọ́, àfi tí ìdí rẹ̀ bá dájú. Inú ìlà ni èèyàn á wò. Ìlà mẹ́ta ti bàbá mi, ayùn onígun mẹ́ta ló fà wọ́n. Ọwọ́ ti ra etí wọn títí ó fi jọ̀lọ̀, epo àtijọ́ sì ti dúdú sínú wọn. Wọ́n fi kún iye ìbọn náà.

Ṣùgbọ́n ìlà mẹ́rin ni ará Trieste rí. Ayùn pẹlẹbẹ mi yẹn ló fa ìkẹrin, etí rẹ̀ sì mú débi pé ó gé mi níka. Wọ́n fi ọtí kíkan àti èédú kùn ún kó lè dà bí ti àtijọ́, ọgbọ́n tí èmi fúnra mi kọ́ Blažo. Ẹlòmíràn á ní ó fà á láti fi tan oníbàárà ni. Ì bá wù mí kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àjọ̀dún Luku Mímọ́, ní oṣù Kẹwàá, nígbà tí mo sọ ìbọn náà kalẹ̀ láti fi epo pa á, ìlà náà ti wà níbẹ̀, ó ń dán, ẹnu ìbọn sì ń rùn fún ẹ̀tù. A kò tíì mọ̀ nígbà yẹn pé ará Trieste kan wà láyé. Mo bi Blažo. Ó ní ìkookò ni òun yìn ín lù lókè.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń wá Perko Lalošević kiri, aládùúgbò wa. Ó pẹ́ tí òun àti Blažo ti ń jà lórí adágún tí ẹran ń mu lórí òkè. Ṣáájú ìyẹn, níbi àjọ̀dún ọdọọdún ẹni mímọ́ tó ń ṣọ́ ilé wa, Perko gbé ife sókè, ó tọ́ka sí ìbọn lára ògiri, ó ní, "Ìbọn yìí ti dógùn-ún, Blažo, ìwọ náà sì ti dógùn-ún tẹ̀ lé e. Ọkùnrin ti tán nílé yín látìgbà tí bàbá bàbá ẹ ti kú!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Blažo kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Perko sọnù, fìlà rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí, lẹ́bàá ihò àpáta tí okùn kankan kò tó débi ìsàlẹ̀ rẹ̀. Stana ìyàwó rẹ̀ ṣì ń bu oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀ lálaalẹ́.

Ará Trieste ń padà bọ̀ lẹ́yìn Àjíǹde. Nítorí náà, ìbọn náà wà lọ́wọ́ Àlùfáà Ilija báyìí, Blažo ni yóò sì jogún rẹ̀, lọ́jọ́ ìsìnkú mi, báyìí:

Bó bá jẹ́ pé ìkookò ni lóòótọ́, kó dìde níwájú gbogbo ìjọ, kó sọ pé òun fa ìlà ọkùnrin fún ẹran, òun sì fẹ́ fi tan àlejò. Wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí yóò fi hewú, ìbọn náà ò sì ní níyì mọ́. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ kí ọmọ mi jẹ́ òpùrọ́.

Bó bá jẹ́ pé ìkookò kọ́, kó so ìbọn náà mọ́ ọrùn ara rẹ̀ bí àwọn baba wa ti ń ṣe, kó bọ́ bàtà, kó ṣí fìlà, kó rákò láti ẹnu ọ̀nà wa dé ẹnu ọ̀nà àwọn Lalošević, kó má sì dìde títí ẹni tó ni òkú yóò fi tú u lọ́rùn rẹ̀. Bí wọ́n bá tú u, wọ́n ti di ẹbí wa nìyẹn, àwọn ni yóò sì máa gbé ọmọ wa lọ síbi ìrìbọmi. Bí wọn kò bá tú u, ohun yòówù kí wọ́n ṣe sí i, kí ẹnikẹ́ni nílé mi má gbẹ̀san.

Blažo, nítorí Mašan ọmọ rẹ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ni mo ṣe ń ṣe èyí. Bí o bá dákẹ́, ọmọ yẹn ni wọn yóò dúró dè lójú ọ̀nà láti gbẹ̀san bó bá dàgbà.

Ẹ̀karùn-ún. Ẹ sin mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Vidosava. Kí ẹnikẹ́ni má yìnbọn níbi ìsìnkú mi.

Òfin ní kí ẹlẹ́rìí jẹ́ ẹni tí kò ní jogún ohunkóhun nínú ìwé náà. Mo pe méjì bẹ́ẹ̀, mo sì ní kí wọ́n kà á látòkè délẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Jagoš Drekalić
Gornji Do, ọjọ́ kejì oṣù Kẹta, ọdún 1934

Ẹlẹ́rìí: Tomica Brajan, olùkọ́. Mo jẹ́rìí pé orí rẹ̀ pé.

Ẹlẹ́rìí: Vidak Lalošević, ẹ̀gbọ́n Perko. Mo ti kà á tán. A ò ní gbé ìbọn sí ẹnikẹ́ni títí ẹ ó fi sin Jagoš. Mo ti ní kí Stana ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹnu ọ̀nà ni màá jókòó sí.