“Òkéè” Ọkọ Mi

Àǹtí mi tó tọ́ mi dàgbà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí gbogbo aládùúgbò yín. Ara wa le, ayọ̀ mi sì kún àkúnwọ́sílẹ̀.

Ọkọ mi káfíńtà ò mọ̀ ju “òkéè” lọ. Ọbẹ̀ dùn, òkéè. Inú ń bí i, òkéè náà ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa nítorí orúnkún tó ń dùn yín. Ó ní, “Òkéè.” N ò mọ̀ bóyá ti ọbẹ̀ dídùn ni àbí ti ìbínú.

Láàárọ̀ yìí, mo bá a tó ń wọn yàrá ẹ̀yìn. “Ìyàwó, báwo ni bẹ́ẹ̀dì àǹtí á ṣe ga tó, kí dídìde má baà ni wọ́n lára?”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi okùn wọn ẹsẹ̀ yín láti ilẹ̀ dé orúnkún, kí ẹ fi ránṣẹ́ kíá. Ọlọ́run á mú yín dé láyọ̀.

Ọmọ yín