Ṣíbí Wúrà Wà Nínú Ife Pupa

"Ta ló kọ́ ẹ pé ọmọ oṣù mẹ́fà ń fi ṣíbí jẹun? Ọwọ́ ni mo fi rọ Rótìmí!"

Màmá, ohùn yín dé ọ̀dọ̀ lánlọ́ọ̀dù láàárọ̀ yìí. Ẹ má bínú pé mo já Wúrà gbà lórí itan yín. Ẹ fún un nímú, ẹ ń da ògì sí i lẹ́nu, ọmọ ò sì lè mí mọ́. Mi ò lè máa wò ó torí pé ẹ jẹ́ ìyá ọkọ mi.

Bí ẹ bá ń ka ìwé yìí, mo ti lọ síbi iṣẹ́ n'Ílúpéjú. Mo mọ̀ pé ẹ ò sùn nígbà tí mo tẹ́ Wúrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Omi gbígbóná wà nínú fílásíìkì. Ẹ po ògì náà, ẹ gbé e jókòó, kí ẹ máa fi ṣíbí bù ú fún un díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti yíjú, ó ti yó nìyẹn. Ẹ má fún un nímú mọ́ o.

Rótìmí tí ẹ fọwọ́ rọ náà ti di bàbá ọmọ. Bó ṣe gbóòórùn ògì láàárọ̀, ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó sá jáde.