Bí Àwọn Aláṣọ Funfun Ṣe Gbà Wá Sílé

Àrínọlá, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Olúwadábírà tó ti ń sáré kiri ilé báyìí. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ yín ní àdúgbò Abraham Adésànyà níbẹ̀ kò ní tòògbé lórí yín. Ara wa le níbí, ìyá rẹ ń kí ọ, ewúrẹ́ rẹ̀ bí ìbejì. Ǹ bá ti pè ọ́ lórí fóònù, àmọ́ ọmọbìnrin tó máa ń bá ọ gbé e ní o kò sí nítòsí. Mo ní kó kí ọ, mo bi í bóyá ó ti jẹun, kò dáhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ. Bá a wí díẹ̀, ṣùgbọ́n má nà án.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa ló mú mi kọ̀wé. Nígbà tí àwọn tó ń fẹ ọ̀nà márosẹ̀ dé, wọ́n fi ọ̀dà pupa kun àgbélébùú sára ògiri wa. Ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ìjọba pàápàá mọ̀ pé ilé Ọlọ́run ni. Èmi gan-an ni mo fi ọṣẹ fọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè hàn dáadáa. Irú rẹ̀ wà lára ṣọ́ọ̀bù Ràṣídì tó ń lẹ táyà náà, mo sì lọ bá a yọ̀ pé ó ti gba Jésù. Ó kàn ń lẹ táyà rẹ̀ lọ ni.

Àfi bí katapílà ṣe dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí wọ́n ní wíwó ni àmì yẹn túmọ̀ sí, àti pé àwọn ti fún wa níwèé. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi lóòótọ́. Mo rò pé ìwé ìkíni ni, mo fi há inú Bíbélì. Wákàtí méjì péré ni wọ́n fún wa, gbogbo ẹrù sì wà nínú ilé.

O mọ̀ pé èmi ni mo fi àwọn aláṣọ funfun òdìkejì títì sun baálẹ̀ nítorí agogo wọn. Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti Wòlíì Ìgbẹ́kẹ̀lé kò fi kí ara wa. Òun ló kọ́kọ́ sáré dé! Ó ká sùtánà mọ́dìí, ìyàwó rẹ̀ Àdúràgbèmí ń tẹ̀ lé e, gbogbo ìjọ wọn sì ń ru àga wa lórí, wọ́n ń kọ orin inú ìwé orin tiwa. N ò mọ̀ pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ògiri máa fi wó, kò ku àpótí ìjókòó kan nínú ilé.

Wọ́n ní ká máa jọ́sìn nínú ilé tiwọn ní aago mẹ́jọ, pé àwọn á máa wọlé lẹ́yìn tí a bá jáde. Àmọ́ wọn kì í wọ bàtà wọbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, gbogbo ìjọ wa bọ́ bàtà, ó ku èmi nìkan lẹ́nu ọ̀nà, àwọn kan sì ń sọ pé ìgbéraga ni. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, n ò lè bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ ló ń bá mi so okùn bàtà, ó sì ti wà lápá àwọn obìnrin. Ojú ń tì mí láti wí.

Wòlíì jáde wá bá mi. Ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn pẹ̀lú aṣọ funfun báláú, ó tú okùn bàtà kan, ó bọ́ ọ. Ìbọ̀sẹ̀ mi ti lu, àtàǹpàkò mi yọjú síta. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó dárí ọ̀rọ̀ agogo yẹn jì mí. Ó ní, Bàbá Àrínọlá, ẹ gbé ẹsẹ̀ kejì wá. Ìyẹn nìkan ló sọ. N ò gbọ́ ìwàásù ọjọ́ náà, ẹkún ni mo ń sun.

Òrùlé wọn ń jò, wọn kò sì wí fún wa, òjò ló fi hàn wá. Ìjọ wa ti pinnu pé a ó pààrọ̀ páànù tiwọn ká tó kọ́ tiwa, èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Fi ohun tí agbára rẹ bá ká ránṣẹ́. Má gba báǹkì o, owó gbígbó ni wọ́n kó fún mi lọ́jọ́sí, mo sì mọ̀ pé owó tuntun ni ìwọ fi síbẹ̀. Rán ẹni tó bá ń bọ̀ nílé.

Níbi tí o kò ti mọ ẹnikẹ́ni, Ọlọ́run á ti fi ẹni tí yóò sáré wá bá ọ síbẹ̀. Ẹni tí o ṣẹ̀ kò ní gbẹ̀san lára rẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Oyèbámijí