Ẹ̀bi Ètè Mi Ni Mo Gbé Lé Bàbá Tó Kọ́ Mi Ní French Horn Lórí

Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Irọ́ ni mo pa, irọ́ náà sì ti fẹ́ ba àgbàlagbà kan jẹ́ báyìí. Mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kó o nílẹ̀...

Obìnrin ni mí, mo ti lé ní ogójì ọdún, Festac níbí ni mo dàgbà sí. French horn ni mò ń fọn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, fèrè idẹ tó ká roboto yẹn, láti ìgbà tí mo ti wà ní secondary school. Bàbá Bísí ló kọ́ mi, bandsman ológun ni kó tó fẹ̀yìn tì, Abúlé Adó ló ń gbé, òun náà ló ń tún gbogbo fèrè ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Bí ọmọ ẹ̀ ló ṣe mú mi.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ohùn fèrè mi bẹ̀rẹ̀ sí í já lókè. Note tí mo ti ń mú láti kékeré, á kàn há, á wá fọ́. Mo ní mouthpiece ni, ibi tá a ń gbé ètè lé lára fèrè. Mo ra òmíràn, ó dáa fún ọ̀sẹ̀ kan, mo tiẹ̀ jẹ́rìí ní choir, ọ̀sẹ̀ kejì ó tún padà. Àbúrò mi fi èyí tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ ránṣẹ́ láti London, ibi pẹlẹbẹ náà ló tún fi lélẹ̀. Mo wá ní fèrè ló ń jò. Bàbá rì í bọ inú báàfù omi, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, kò hó rárá. Ó gba mouthpiece ọwọ́ mi, ó fi fọn hymn tí mò ń bà jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó mọ́ kedere. Ó ní, "Ìwọ lò ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ètè jù, ọmọ mi. Jẹ́ ká padà sí long note, bíi tìjọ́sí." Long note, kéèyàn máa fa ohùn kan ṣoṣo gùn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fèrè... èmi tí mò ń kọ́ àwọn ẹlòmíì? Inú bí mi, mi ò purọ́ fún yín.

Ọjọ́ ìkórè ni solo mi já níwájú gbogbo ìjọ, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìgbìmọ̀ orin pè mí, wọ́n bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ní àtìgbà tí Bàbá Bísí ti fi òjé jó fèrè náà pọ̀ nígbà tó ń tún un ṣe ló ti bàjẹ́. Gbólóhùn kan péré. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọkọ mi gan-an, tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà, ló buwọ́ lu lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á. Wọ́n ra horn tuntun, pásítọ̀ da òróró sí i níwájú pẹpẹ, ìjọ ṣe àmín, Bàbá náà ṣe àmín níbi tó jókòó sí lẹ́yìn.

Ẹ gbọ́ o, horn tuntun náà ń já. Kí ló fẹ́ ṣe tí kò ní já, ṣebí ètè kan náà ni mo gbé wá? Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ìjọ ò mọ̀. Wọ́n ní fèrè tí wọ́n ti yà sí mímọ́ kò lè máa kọ̀ lásán, wọ́n ní Bàbá ló ń bínú, wọ́n ní ó ti de èémí mi... Bàbá tó jẹ́ pé tó bá rí mi ní Mile 2, á ṣì béèrè bóyá mo ti bẹ̀rẹ̀ long note. Wọ́n ń sọ ọ́ lójú mi, mo ń mi orí bí ẹni tó gbà. Ṣé ẹ rí irú èèyàn tí mo jẹ́?

Jímọ̀ọ̀ yìí, aago mẹ́wàá àárọ̀, wọ́n fẹ́ ṣe àdúrà ìdáǹdè fún mi, orúkọ Bàbá ni wọ́n máa pè síbẹ̀. Tí wọ́n bá ti pe àgbàlagbà ní oṣó ládùúgbò yìí, ta ló tún máa kí i? Tí mo bá sì sọ̀rọ̀, ọkọ mi á tẹ́, èmi náà á tẹ́. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀... kí n kúnlẹ̀ fún Bàbá ní Abúlé Adó ni, àbí kí n sọ fún ọkọ mi, àbí kí n dúró níwájú gbogbo wọn? Ẹ má tù mí nínú, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n fọn horn lẹ́ẹ̀meje kí wọ́n tó dárúkọ ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?