Kí Bàbá Má Ṣe Ní Kí Tamsin Ká Apá Aṣọ Rẹ̀ Sókè Mọ́

Èmi, Darcy Neville Kowald, àgbẹ̀ àlìkámà ní Warrabeen, ni mo kọ ìwé yìí. Ọpọlọ mi pé, ara mi le, n kò sì ní i lọ́kàn láti kú. Ẹgbẹ́ panápaná ìlú wa, tí èmi náà wà nínú rẹ̀, ló ní kí olúkúlùkù wa kọ ìwé ìhágún rẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà tí iná igbó ń jó, tó dé.

1. Ilé kékeré tí ìyá àgbà fún mi di ti àbúrò mi, Tamsin.

2. Ọkọ̀ akẹ́rù mi di ti Bàbá. Bíréèkì rẹ̀ kò dáa; ẹ má sọ pé n kò sọ.

3. Annelise Noske, ọmọ àǹtí wa, ni kó mú ìwé yìí ṣẹ. Nígbà tí Tamsin ń ṣe ara rẹ̀ léṣe lápá, àwọn ará ìlú ní àfiyèsí ló ń wá; Bàbá ní ó fẹ́ kú ni. Annelise, tó ń ṣèwádìí ní yunifásítì ní Melbourne, kò dá a lẹ́jọ́. Ó gbé ìṣirò kalẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà: bí ìdààmú ṣe ń ru sókè nínú ènìyàn, bí ọgbẹ́ ṣe ń mú un rọlẹ̀ kíákíá, bí ọkàn ṣe ń rántí ìtura yẹn tó sì ń tún un béèrè, bí ìtìjú ṣe ń dá ìdààmú padà. Lẹ́yìn náà ló ń yí wọn padà níkọ̀ọ̀kan, kó lè rí ohun tó máa tẹ̀lé e. Ohun tí ìṣirò náà kò bá mọ̀, ó máa ń sọ ọ́ síta. N kò tíì rí ọ̀mọ̀wé bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá gbaná jẹ: “Ṣé kọ̀ǹpútà yẹn ló bá mi bí Tamsin ni? Màá máa yẹ apá ọmọ mi wò lálaalẹ́!”

Annelise ní, “Ẹ̀yin lẹ bí i, Bàbá Darcy. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dí ọ̀pá tí omi òjò ń gbà ṣàn dànù nígbà tí táǹkì yín bá kún, ṣé òjò á wá dá ni?”

Bàbá, tó máa ń fi ìka kan ara táǹkì láràárọ̀ láti gbọ́ ibi tí omi dé, lóye pé yíyẹ apá wò kò lè dá ìdààmú dúró. Láti ìgbà náà ló ti ń jókòó ti Tamsin dípò kó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ara Tamsin kò tíì yá tán, ṣùgbọ́n ó ń lọ rí dókítà, ó sì ń pè wá kí ọ̀rọ̀ tó burú.

4. Ajá mi di ti Tamsin. Ó máa ń jí búrẹ́dì.

5. Bàbá, bí iná bá pa mí, ẹ̀rù á bà yín, ẹ ó sì fẹ́ padà sídìí kíká apá aṣọ Tamsin sókè. Ohun tó lè ṣe é léṣe, ẹ kó o pamọ́. Ẹ má kó ìtìjú lé e lórí. Kí ó má gbọ́ ikú mi lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ fún un. Bó bá sunkún, ẹ̀yin náà ẹ sunkún, níṣojú rẹ̀.

Mo fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kọkànlá, ọdún 2023.

Darcy Neville Kowald

Ẹlẹ́rìí: Gwenda Schache, olórí ẹgbẹ́ panápaná
Ẹlẹ́rìí: Trevor Lehmann, aládùúgbò wa