Sí Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Fi Ẹyẹlé Mọ́kànlá Tọrẹ

                                        Yàrá Ìránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Bàbá Wa,
                                        Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé Ẹyẹ.
                                        Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹsàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo tí mo ní,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ojú ọ̀gá tí ẹ ń wò lójoojúmọ́. Ẹ kú ìlawọ́ lórí ẹrù ẹlẹ́rù. Ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀yìn tí ẹ ní ó ń dùn yín nígbà tí ẹ wá níjọ́sí, ṣé ó ti fi yín sílẹ̀? Ó ní láti jẹ́ pé ó ti san, torí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kò lè gbé apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì méjì tó kún fún ẹyẹ láti ẹ̀yìnkùlé dé ojú títì láìsinmi. Àlàáfíà ni Màmá wà, tí a bá yọ ti ìbẹ̀rù ọlọ́pàá tí ẹ kó sí wọn lára kúrò. Èmi náà wà. Inú ń bí mi gidigidi, ṣùgbọ́n mo wà.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pè yín lórí fóònù, ẹ ò gbé e. Àfi bí ìwé yín ṣe dé lọ́jọ́rú tó kọjá, tí ẹ fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí ẹ buwọ́ lù nísàlẹ̀ bí ẹni ń kọ̀wé sí oníbàárà tí kò mọ̀ rí. Ó dáa. Ìwé lẹ fi bẹ̀rẹ̀, ìwé ni mo fi ń dá yín lóhùn. Ohun tó jẹ́ kí n ṣì máa pè yín ní "ẹ" ni pé Màmá jókòó tì mí níbí, wọ́n sì ti ní àwọn máa ka ìwé yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́ pa. Tí kì í bá ṣe tiwọn ni, ẹ̀ bá gbọ́ tèmi lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n ro ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín, torí ó jọ pé ibi tí ẹ ti jẹ́ ọmọ dáadáa lójú ọ̀gá yín nìkan lẹ mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́jọ́rú, ọjọ́ kẹrin oṣù yìí, mo lọ wọn aṣọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní ìlú kejì, mo sì sùn síbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé n kò ní sí nílé, torí ẹnu ara mi ni mo fi sọ fún yín. Ẹ wá, ẹ bá Màmá nídìí aṣọ tí wọ́n ń fọ̀, ẹ ní èmi ni mo ní kí ẹ wá kó àwọn ẹyẹ lọ fún adájọ́ ìdíje kó yẹ̀ wọ́n wò. Háà, ẹ̀gbọ́n mi! Adájọ́ wo ló ń ránṣẹ́ pe ẹyẹ wá sílé? Inú ilé tí wọ́n ti ń sin ẹyẹlé lẹ dàgbà sí. Ẹ mọ̀ dájú pé adájọ́ ló ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wá bá ẹyẹ, torí ẹyẹlé olókìtì kò lè díje níbòmíràn ju òkè ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ lọ. Màmá tí kò dá sí ọ̀rọ̀ ẹyẹ rí ló gbà yín gbọ́. Wọ́n ní àwọn ò rò pé àkọ́bí àwọn lè dúró lójú àwọn kó máa pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, mo mi agolo gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Agolo mílíìkì yẹn náà ni o, tí mo máa ń da àgbàdo gbígbẹ sí, tí Bàbá tìtorí rẹ̀ sọ mí ní Alágolo. Mo mì ín títí, kò sí ẹni tó yọjú. Mo ṣí yàrá àwọn mọ́kànlá tí mo ń tọ́jú fún ìdíje, mo bá ìyẹ́ nílẹ̀ àti omi nínú abọ́. Mo kọ́kọ́ ní àwòdì ni, mo tiẹ̀ ń gbàdúrà kó jẹ́ àwòdì. Ṣùgbọ́n àwòdì kì í ti ilẹ̀kùn padà tó bá ń lọ.

Bóyá ẹ ti gbàgbé ohun tí ẹyẹ mọ́kànlá ń ṣe lókè. Wọ́n á gbéra pọ̀, wọ́n á máa yí po lókè ilé. Tí ọ̀kan bá ti ta òkìtì sẹ́yìn, àwọn yòókù á ta á lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa yí bọ̀ sílẹ̀ bí òwú tó ń tú lára rílì, wọ́n á sì dúró gírí lójú afẹ́fẹ́, wọ́n á tún padà sọ́dọ̀ ara wọn. Iye tó bá ta á pọ̀ ni adájọ́ ń kà. Mọ́kànlá ni òfin wí. Wọn kì í ka mẹ́wàá. Odindi ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ wọn títí wọ́n fi ń ṣe é bí ẹyẹ kan ṣoṣo. Mò ń wọn oúnjẹ wọn ní ṣíbí ṣíbí, kí ebi lè pa wọ́n tó láti sọ̀ kalẹ̀ tí mo bá mi agolo, kó má sì pa wọ́n débi tí ara wọn á fi rọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá yìí ni ìdíje wa. Àtìgbà tí Bàbá ti kú, adájọ́ ò tẹ ilé yìí mọ́, èmi ni mo tún mú un wá.

Ẹ̀yin wá kó wọn, ó di ọ̀dọ̀ ọ̀gá yín, nítorí pé ọ̀gá yín bá yín kọjá lójú ọ̀nà wa lọ́jọ́ kan, ó gbójú sókè, ó ní àwọn ẹyẹ yìí mà dára o. Tó bá jẹ́ èmi ló yìn ńkọ́? Ṣé inú apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì lẹ máa kó èmi náà sí? Ìgbéga lẹ ń wá, mo mọ̀. Ẹ̀ bá fi aago ọwọ́ yín tọrẹ. Ẹ̀ bá bọ́ bàtà ẹsẹ̀ yín fún un.

Lọ́jọ́ Àìkú, mò ń lọ aṣọ lọ́wọ́ ní ọ̀sán, ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ lórí páànù. Mo sáré jáde, ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, mo fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí aṣọ oníbàárà, ó jó o. Mo kà wọ́n, mẹ́wàá ni. Mo tún kà wọ́n. Ọ̀fun wọn le gbandi bíi bọ́ọ̀lù, ìrẹsì ni ọ̀gá yín fi bọ́ wọn, ìrẹsì sísè! Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹyẹ ló ń gba ẹyẹ. Gbogbo wọn pé, àfi Aláró, ìyá wọn.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìwé yín dé. Mo ti kà á débi pé mo mọ̀ ọ́n sórí. Ẹ ní ẹyẹ Bàbá ni wọ́n, ẹ̀yin sì ni àkọ́bí, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti fún ẹni tó bá wù yín. Ẹ ní kí n dá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá padà kó tó di Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ yìí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀gá yín á fi ọlọ́pàá mú mi bí olè. Ẹ wá béèrè ohun tí mo fi pè wọ́n, torí ẹ̀yin fúnra yín lẹ gba ọ̀gá yín nímọ̀ràn pé kó gé ìyẹ́ ìyá wọn kó tó ṣílẹ̀kùn, pé àwọn ọmọ ò ní fò kí wọ́n fi ìyá wọn sílẹ̀.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún tún fẹ́ gbọ̀n mí. Kò sí ohun tí mo fi pè wọ́n ju ilé wọn lọ. Orúkọ tí ẹ̀dá náà ń jẹ́ lẹ fẹnu yín pè láti kékeré, tí ẹ ò gbọ́ rí: ẹyẹlé, ẹyẹ ilé. Ìyá kọ́ ló ń wá, bàbá kọ́, ọ̀gá kọ́. Tí ẹ bá kó gbogbo ìran rẹ̀ dè mọ́lẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá yín, ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ ló máa gbà lọ. Ẹni tó bá gba àgbà ẹyẹlé lọ́wọ́ ẹlòmíràn kì í ṣílẹ̀kùn fún un títí ayé, ọmọ tí ẹyẹ náà bá pa síbẹ̀ ló máa fò níbẹ̀. Gbogbo ọlọ́sìn ẹyẹlé ló mọ ìyẹn. Bàbá sọ ọ́ lójú yín, ó tó ìgbà ogún.

Àwọn ọmọ ò ní fi ìyá wọn sílẹ̀! Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, Màmá sì ló ka ìwé náà sí mi létí. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n sì ń kà á lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún méjì rèé tí ẹ ò sùn nílé yìí mọ́júmọ́. Ọjọ́ tí ẹ wá kó ẹyẹ, Màmá ní ẹ ò jókòó.

Ìdíje ńkọ́? Adájọ́ dé ní àárọ̀ Àbámẹ́ta pẹ̀lú aago rẹ̀ àti ìwé àkọsílẹ̀. Ó ka ẹyẹ, ó bi mí léèrè ìkọkànlá. Kí n tó dáhùn, Màmá ti sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi ló mú un lọ. Mi ò lè fi ọmọ ẹyẹ tí kò tíì mọ òkìtì dí àlàfo, mi ò sì lè fi mẹ́wàá bẹ̀ ẹ́. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó mu omi, ó ní kí n má bínú, ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo sìn ín dé ojú ọ̀nà, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tó yà ní kọ̀rọ̀ tán, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n nà.

Ó di àná. Màmá ń gbálẹ̀ ní àárọ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Ta nìyẹn?" bí ẹni pé èèyàn ló wọlé. Mo yọjú lójú fèrèsé.

Aláró ni. Abẹ́ géètì ló gbà wọlé, ó ń rìn. Kò sáré, kò wẹ̀yìn, ó gba àárín àgbàlá kọjá lára ìgbálẹ̀ Màmá, ó lọ tààrà sí ìdí ilé ẹyẹ. Ẹ mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ga jù mí lọ. Ó dúró, ó gbójú sókè wò ó, ó na apá, ó fò, ó ṣubú. Ó tún fò, ó tún ṣubú. Nígbà ẹ̀kẹta ni mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí mo gbé e. Eegun àyà rẹ̀ ti yọ síta ṣóńṣó. Èékánná kan ti kán. Òwú kan lọ́ mọ́ ọmọ ìka rẹ̀ títí ibẹ̀ fi wú, mo fi abẹ́rẹ́ mi tú u.

Lọ́sàn-án ni atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó wà ní ẹsẹ̀ afárá lọ́nà ilé ọ̀gá yín gbọ́, ó sì wá wò ó. Ó ní lọ́jọ́ Ẹtì, òun rí ẹyẹlé kan tó ń fẹsẹ̀ rìn sọdá afárá, etí ibi tí èèyàn ń gbà ló gbà, tí kẹ̀kẹ́ bá ń bọ̀ á yà fún un, á tún máa bá tirẹ̀ lọ. Ó ní òun pe àwọn ènìyàn wá wò ó, àwọn sì rẹ́rìn-ín títí. Ẹ kà á: láti Àìkú tí àwọn ọmọ rẹ̀ fò kúrò dé àná, ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọkọ̀ méjì la ń wọ̀ láti ilé ọ̀gá yín dé ilé wa.

Mo wo apá náà dáadáa. Aránṣọ ni mí, mo mọ iṣẹ́ sísọ́ọ̀sì. Èyí tí wọ́n lò kò mú, ẹni tó dì í mú sì ń bẹ̀rù, torí ó jẹ ẹ́ wúruwùru. Tí wọ́n bá tiẹ̀ fà á tu ni, oṣù kan àbọ̀ ìyẹ́ tuntun á ti yọ. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ tí wọ́n bá gé kì í hù títí ẹyẹ á fi pa ìyẹ́ dà. Aláró ti pa tọdún yìí dà tán. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sì ni. N kò mọ̀ bóyá ó tún máa fò mọ́ láyé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹni tó ni wọ́n. Ẹ mọ òrùka ẹsẹ̀, tí nọ́ńbà ẹni tó ni ẹyẹ máa ń wà lára rẹ̀. Ọjọ́ keje tí wọ́n bá pa ọmọ ni a ń fi í sí i. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ọmọ ìka ò ní gbà á wọlé mọ́, kò sì sí ẹni tó lè bọ́ ọ láì gé e. Nọ́ńbà tèmi ló wà lẹ́sẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹ ní kí ọlọ́pàá máa bọ̀, màá bu omi fún un, á sì kà á fúnra rẹ̀. Ẹyẹ kan ò ní kúrò níhìn-ín nínú wọn.

Ti Aláró yàtọ̀. Nọ́ńbà Bàbá ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òun ni Bàbá fi òrùka sí lẹ́sẹ̀ kẹ́yìn, èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, torí ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n. Nítorí náà n kò ní bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Nínú mọ́kànlá, òun nìkan lẹ lè pè ní ẹyẹ Bàbá. Ẹ̀yin sì ni àkọ́bí. Ẹ wá mú un. Mo ti gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì mi, ó ń jẹ ọkà bàbà.

Ṣùgbọ́n ẹ má wọ ọkọ̀ wá. Ẹ má jókòó sínú mọ́tò ọ̀gá yín wá. Láti ẹnu géètì rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ lòun fi wá, ẹsẹ̀ ni kí ẹ̀yin náà fi wá. Tí ẹ bá wọlé báyẹn, n kò ní sọ̀rọ̀, màá fi ọwọ́ ara mi gbé e fún yín.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, ẹ bá mi fọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí, wọn ò ṣẹ̀ mí. Màmá ti ka ìwé yìí. Wọ́n ní kí n yọ ibì kan kúrò, mo béèrè ibẹ̀, wọ́n tún un kà, wọ́n ní kí n jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn ń kí yín.

Tí ẹ bá dé orí afárá, ẹ gba etí. Ẹ máa yà fún kẹ̀kẹ́.

                                        Àbúrò yín ṣì ni mí,
                                        Alágolo.