Fóòmù Tó Wà Láyà Alága

Ẹ̀yin ẹbí, ará àti ojúlùmọ̀ tí ẹ wá bá wa sin Bàbá, ẹ kú ìdúró tì wá. Ìtàn tí ẹ fẹ́ kà yìí kò ní àbùmọ́ kankan, nítorí Màmá ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ti fagi lé gbogbo ibi tí irọ́ wà.

Ọdún 1943 ni a bí Bàbá wa, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Alága, nínú ilé kan tó kẹ́yìn sí ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ ló ń la gẹdú níbẹ̀, ìyá wọn sì ń ránṣọ. Àwọn ni ìkẹta nínú ọmọ márùn-ún. A gbọ́ pé ariwo ayùn ni wọ́n fi ń rẹ̀ wọ́n sùn. Bí ayùn bá ti dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, wọn a ta jí, wọn a bú sẹ́kún.

Wọ́n wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1950, wọ́n sì parí ní 1956. Láti 1957 títí di 1963 ni wọ́n kọ́ṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá yìí ló kọ́ wọn láti máa fi àyà ti dírìlì àfọwọ́yí kí irin rẹ̀ lè wọ igi líle. Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ àyà yẹn, a máa padà síbẹ̀.

Ní 1968 ni wọ́n gbé Màmá níyàwó. Kí ó tó dìgbà náà, Màmá wá ní kí wọ́n kan àpótí aṣọ fún àwọn, ìdérí rẹ̀ kò dé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì dá a padà. Lẹ́yìn ìgbéyàwó ni Bàbá tó jẹ́wọ́ pé ọgbọ́n ni àwọn dá, kí Màmá lè máa padà wá. Ọmọ mẹ́rin ni Olúwa fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Wọ́n dá ṣọ́ọ̀bù tiwọn sílẹ̀ ní 1970. Nínú ìjọ, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ká má purọ́, ohùn wọn kò dùn, ṣùgbọ́n àwọn ló kan àga tí gbogbo akọrin ń jókòó lé, ta ló máa lé wọn?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1999, kókó kan yọ lábẹ́ orí ọmú òsì Bàbá. Wọ́n gbà pé dírìlì ló mú kí ibẹ̀ yi, bí àtẹ́lẹwọ́ káfíńtà ṣe máa ń yi. Wọ́n bá gé fóòmù kékeré kan, wọ́n ń kì í sábẹ́ ẹ̀wù kí wọ́n tó gbé dírìlì. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, débi pé wọn kì í yọ ọ́ mọ́. Bí a bá bi wọ́n léèrè, wọn a ní òtútù ló ń mú àwọn láyà.

Lẹ́yìn náà ni Màmá rí kókó nínú ọmú tiwọn, wọn ò sì jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí wọ́n tó sọ ọ́. Bàbá sìn wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ń kọ́ Màmá bí a ṣe ń fi pẹlẹbẹ ìka wá kókó ká gbogbo ọmú títí dé abíyá, ni Bàbá bá ń ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé kókó tàwọn le ju ti ìyàwó àwọn lọ. Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ bọ́ ẹ̀wù yín, Bàbá.”

Fóòmù jábọ́ sílẹ̀. Màmá ní ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ òtútù tó yé àwọn.

Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé àwọn ọkùnrin pẹ̀lú ní ẹran ọmú, bó tilẹ̀ kéré, àrùn sì lè wọ ibẹ̀. Kókó Màmá ń yẹ̀ lábẹ́ ìka. Ti Bàbá lẹ̀ típẹ́típẹ́, ó sì ti ń fa orí ọmú wọnú. Síbẹ̀, nọ́ọ̀sì ní ìka ọwọ́ kì í dájọ́. Wọ́n ya àwòrán ọmú àwọn méjèèjì, dókítà sì fi abẹ́rẹ́ bu díẹ̀ nínú kókó kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí láàbù, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó fínnífínní. Ọjọ́ méjìlá ni a fi retí èsì. Bàbá kan ilẹ̀kùn mẹ́rin láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, kò sì sí èyí tó bá férémù mu nínú wọn.

Ti Màmá kì í ṣe jẹjẹrẹ. Irú kókó tí kì í tàn kálẹ̀ ni. Ti Bàbá ni jẹjẹrẹ.

Bàbá tẹjú mọ́ dókítà, wọ́n ní, “Ìyàwó mi ni mo sìn wá o.”

Ẹ̀rù bà wọ́n, ẹ̀rù ba gbogbo wa. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n gba oògùn tó jẹ́ kí gbogbo irun orí wọn re. Dókítà ní ká ní wọ́n tètè wá ni, ìtọ́jú náà ì bá fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ṣàánú wa, ara wọn yá.

Ní 2001, Bàbá kan bẹ́ǹṣì tuntun sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà, nítorí ti tẹ́lẹ̀ ń mì, ojú sì ń ti wọ́n fún ẹni tó kàn án. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń lọ jókòó sí ìkángun rẹ̀, kí ọkùnrin tó bá wá má baà dá nìkan wà láàárín àwọn obìnrin. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ló sọ wọ́n ní Alága. Ọkùnrin mọ́kànlá ni wọ́n bá jókòó. Fóòmù ọjọ́sí, wọ́n kàn án mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i.

Gbogbo ojú rí i lóòótọ́, àyàfi ti àbígbẹ̀yìn wọn, tó jogún ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n sì gbé kíkọ ìtàn yìí lé lọ́wọ́. Ní 2023, ó rí kókó ní àyà tirẹ̀, ó fi oṣù mẹ́ta dákẹ́, ó sì ń ki fóòmù sábẹ́ ẹ̀wù. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Bàbá, ẹni ọgọ́rin ọdún, tẹ̀pá wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n wo àyà ọmọ, wọ́n wo ògiri. Wọ́n di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó di ilé ìwòsàn, tòun ti lẹ́búlẹ́bú igi lórí. Lórí bẹ́ǹṣì yẹn ni àwọn méjèèjì ti gbọ́ èsì láàbù ní ọ̀sẹ̀ kejì: ọ̀rá lásán ló gbárajọ, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Bàbá sunkún. Nígbà tí wọ́n nu ojú tán, wọ́n ní, “Ṣọ́ọ̀bù ni mo ní kí o jogún, mi ò fi fóòmù kún un.”

Ní 2024, Bàbá sùn lórí àga wọn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọn kò sì jí mọ́. Ọjọ́ ogbó ni, jẹjẹrẹ kò rí wọn mú. Wọ́n fi Màmá sílẹ̀ sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, àtọmọdọ́mọ méjì, àti bẹ́ǹṣì kan tí kì í mì.

Fóòmù méjì ló wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù báyìí, kò sí àyè fún ìkẹta. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń kà á, tí ọwọ́ yín ti ń yọ́ lọ sí àyà, a rí yín. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, àbígbẹ̀yìn Alága á wà ní ìkángun bẹ́ǹṣì, á máa retí yín.

Sùn re o, Bàbá. Kò sí ohun tí a fi pa mọ́ sábẹ́ ẹ̀wù mọ́.